Pínpín ìgbì áńtẹ́nà tẹlifíṣàn sí yàrá púpọ̀

Pínpín ìgbì áńtẹ́nà ni ọ̀nà tí tẹlifíṣàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ilé kan fi ń jọ lo áńtẹ́nà kan ṣoṣo. Wáyà coaxial ló ń gbé ìgbì náà wálẹ̀ láti orí òrùlé. Splitter, ohun èlò onírin kékeré kan, ló ń pín in sí ẹnu méjì, mẹ́ta, mẹ́rin tàbí mẹ́jọ, wáyà kọ̀ọ̀kan á sì gba yàrá tirẹ̀ lọ.

Wáyà

Bàbà ló wà láàárín wáyà coaxial. Ike funfun yí i ká, bébà álúmíníọ̀mù àti wáyà híhun tó ń dènà ariwo (ìgbì tí a kò fẹ́) láti ìta tún yí ike náà ká, kí rọ́bà tó wá bo gbogbo rẹ̀. Oliver Heaviside, onímọ̀ iná mànàmáná, gba ìwé-àṣẹ oníhùmọ̀ lórí irú wáyà yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1880. Èyí tí wọ́n ń lò fún tẹlifíṣàn jẹ́ ti 75 ohm (ohm ni ìwọ̀n ìdènà iná; ti wáyà, splitter àti tẹlifíṣàn gbọ́dọ̀ bára mu). Irú tí wọ́n ń pè ní RG-6 ló wọ́pọ̀ báyìí, torí pé ó nípọn ju irú RG-59 lọ, agbára tó sì ń sọnù nínú rẹ̀ kéré sí ti ìyẹn.

Bí agbára ìgbì ṣe ń dín kù

Splitter kì í dá agbára kún ìgbì; ohun tó bá wọlé sí i náà ló ń pín. Ẹlẹ́nu méjì ń fún ẹnu kọ̀ọ̀kan ní ìdajì, èyí tó jẹ́ àdínkù 3 dB (dB ni ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí agbára ìgbì ṣe pọ̀ sí i tàbí dín kù tó), àmọ́ díẹ̀ tún ń ṣòfò nínú rẹ̀, nítorí náà 3.5 dB ló sábà máa ń wà lára rẹ̀. Ti ẹlẹ́nu mẹ́rin tó nǹkan bí 7 dB, ti ẹlẹ́nu mẹ́jọ sì tó nǹkan bí 11 dB. Ẹlẹ́nu mẹ́ta ló máa ń da àwọn èèyàn láàmú. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹlẹ́nu méjì tí wọ́n tún pín ẹnu kan rẹ̀ sí méjì, tó fi jẹ́ pé ẹnu kan ń pàdánù 3.5 dB, àwọn méjì yòókù sì ń pàdánù 7 dB. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sára rẹ̀. Ẹnu tí àdínkù rẹ̀ kéré ló yẹ kí a fún yàrá tó jìnnà jù.

Wáyà fúnra rẹ̀ náà ń jẹ lára ìgbì. Ní agbègbè 700 MHz (MHz ni ìwọ̀n bí ìgbì ṣe ń yára mì tó), RG-6 ń pàdánù bíi 18 sí 20 dB nínú 100 mítà. Ká ní wáyà jẹ́ 20 mítà, tí splitter sì jẹ́ ẹlẹ́nu mẹ́rin: 4 dB ti wáyà àti 7 dB ti splitter di 11 dB, ìyẹn ni pé agbára tó dé yàrá kò tó ìdá mẹ́wàá èyí tó kúrò lára áńtẹ́nà. Síbẹ̀, ẹni tí ilé rẹ̀ sún mọ́ òpó tó ń tan ìgbì lè má fura rárá. Àwòrán díjítà kì í ṣú díẹ̀díẹ̀ bíi ti àtijọ́. Ó máa ń mọ́ kedere títí ìgbì á fi rẹlẹ̀ ju ìwọ̀n tí tẹlifíṣàn lè kà lọ. Nígbà náà ni àwòrán á fọ́ sí wẹ́wẹ́, tí ohùn á máa já, tí ojú tẹlifíṣàn á sì ṣókùnkùn. Ìkànnì tí ìgbì rẹ̀ kò lágbára tẹ́lẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ.

Bústà

Bústà ni ẹ̀rọ tó ń gbé agbára ìgbì ga. Ibi tí a gbé e sí ṣe pàtàkì ju bí agbára rẹ̀ ṣe pọ̀ tó lọ. Ìṣirò tí Harald Friis, onímọ̀ ẹ̀rọ rédíò, gbé jáde lọ́dún 1944 fi hàn pé ohun tó bá ṣáájú nínú ọ̀wọ́ ẹ̀rọ ló ń pinnu púpọ̀ jù lọ nínú ariwo tí gbogbo rẹ̀ máa ní. Bústà tó wà lórí òpó, nítòsí áńtẹ́nà, ń gbé ìgbì ga kí wáyà àti splitter tó dín in kù. Èyí tí wọ́n fi sẹ́yìn tẹlifíṣàn ń gbé ìgbì tó ti rẹ̀ àti ariwo ga pọ̀ ni. Bústà tún lè ba nǹkan jẹ́ níbi tí ìgbì ti lágbára jù, torí náà ó dára kí a kọ́kọ́ dán splitter lásán wò.

Wáyà coaxial kan náà ló ń gbé iná lọ bá bústà orí òpó. Bí ẹ̀rọ tó ń fún un níná bá wà lẹ́yìn splitter, ẹnu tó ń jẹ́ kí iná kọjá nìkan ni kí a so ó mọ́.

Ìsopọ̀

Bíbó wáyà méjì kí a sì lọ́ wọn pọ̀ kì í ṣe splitter. Ó ń ba 75 ohm jẹ́, ìgbì á sì máa padà sẹ́yìn. Ẹnu tí kò sí wáyà lára rẹ̀ ni a máa ń fi ìdérí 75 ohm dí nítorí ohun kan náà. Omi tó bá wọ ibi ìsopọ̀ níta lè jẹ́ kí bàbà dípẹtà.

Díìṣì sátẹ́láìtì

Splitter áńtẹ́nà kò bá a mu. Dikódà ń fi iná 13 tàbí 18 volt àti ìró 22 kHz sọ fún LNB (ẹ̀rọ tó wà níwájú díìṣì tó ń gba ìgbì) ìgbì tó fẹ́, nítorí náà dikódà méjì tó ń fẹ́ ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí wáyà kan á máa ta ko ara wọn. LNB ẹlẹ́nu púpọ̀ tàbí multiswitch, ẹ̀rọ tó ń fún dikódà kọ̀ọ̀kan ní ìgbì tó fẹ́, ni wọ́n ń lò níbẹ̀.