Ọ̀rọ̀ Kéékèèké Ló Ń Gbé Ọmọ Yín Ṣubú

Lọ́dọọdún, tí èsì WAEC bá ti jáde, àwọn òbí á tún tò wá sí ọ́fíìsì mi. Ẹjọ́ kan náà ni wọ́n máa ń rò: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ yìí mọ bàọ́lọ́jì bí ẹní mowó, kí ló dé tí wọ́n fi fún un ní F?" Àwọn mìíràn ti ra díkíṣọ́nárì ràgàjì, wọ́n ní kí ọmọ máa há ojú ewé kan sórí lálaalẹ́, láti A títí dé Z. Ẹ̀yin òbí wa, ẹ fi owó yẹn ra ẹyin fún ọmọ jẹ.

Àwọn ọ̀rọ̀ gàgàrà inú sáyẹ́ǹsì kọ́ ló ń dà wọ́n láàmú. Èwo ni ọmọ SS2 tí kò gbọ́ photosynthesis rí, ìyẹn bí ewéko ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ ara rẹ̀? Olùkọ́ ti kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù, ó ti fa ìlà sí i nídìí, wọ́n tilẹ̀ ti fi kọrin. Àwọn tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn ni "describe", "distinguish", "account for", "whereas". Olùkọ́ bàọ́lọ́jì á ní iṣẹ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì á ní kò sí nínú sílábọ́ọ̀sì òun. Ọmọ ló ń jìyà rẹ̀.

Isabel Beck àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà pín ọ̀rọ̀ sí ìpele mẹ́ta: èyí tí a ń sọ nílé lójoojúmọ́, èyí tó ń jẹ yọ nínú ẹ̀kọ́ gbogbo, àti èyí tó jẹ́ ti ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Ìpele kejì yẹn ni mò ń pariwo lé lórí láti ọdún yìí wá, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi ń pè mí ní Bàbá Account For. Lọ́dún 2000, Averil Coxhead ní orílẹ̀-èdè New Zealand ṣa irú àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ láti inú ìwé ẹ̀kọ́ gíga. Ìdílé ọ̀rọ̀ 570 ló kó jọ, ìyẹn ọ̀rọ̀ kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, bí "analyse" àti "analysis". 570 péré! Bí a bá pín in sí ọdún mẹ́fà tí ọmọ ń lò ní sẹ́kọ́ńdìrì, kò pé ọgọ́rùn-ún lọ́dún kan. Ẹ wá ní kí ọmọ máa há díkíṣọ́nárì sórí.

Ẹ wo bí nǹkan ṣe ń bàjẹ́. Wọ́n ní kí ọmọ "describe" ìdánwò tó fi hàn pé ewéko ń tú ọ́síjìn jáde nígbà photosynthesis. Ọmọ á kọ ìtumọ̀ photosynthesis, á ya ewé, á fi pẹ́ńsù aláwọ̀ ewé kùn ún rèterète, ojú ewé kan àbọ̀. Ẹni tó ń máàkì ìwé ń wá ewéko inú omi nínú bíkà, fọ́nẹ́ẹ̀lì tí a dojú rẹ̀ dé e, túùbù tó kún fómi lórí fọ́nẹ́ẹ̀lì, oòrùn tó ràn sí i, àti igi tín-ín-rín tí ẹyin iná ṣì wà lórí rẹ̀ tó gbiná padà nígbà tí a tì í bọ inú túùbù. Ọmọ yìí fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é ní láàbù! Ohun tí ojú rẹ̀ rí ní ẹsẹẹsẹ ni wọ́n bi í, kò sì mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bi. Ní ti "account for", tó ń béèrè ìdí tí nǹkan fi rí bó ṣe rí, àwọn kan rò pé ìṣirò owó ni.

Nínú kíláàsì mi, n kì í mú ju ọ̀rọ̀ márùn-ún lọ lọ́sẹ̀. Yorùbá ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Mo á ní kí ọmọ kan sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń ro àmàlà fún ẹni tí kò rí i rí: gbé omi kaná, jẹ́ kó hó, da èlùbọ́ sí i, rò ó. "Describe" nìyẹn. Mo á wá bi í pé kí ló dé tí àmàlà fi ń ní kókó. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti lọ sí orí, tó ń wá ìdí, "explain" ti dé. Lẹ́yìn náà ni a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sí Gẹ̀ẹ́sì, kí kálukú fi ẹnu ara rẹ̀ sọ gbólóhùn tirẹ̀. A ó pín ojú ewé sí mẹ́rin bí Dorothy Frayer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe là á kalẹ̀ ní Wisconsin lọ́dún 1969: ìtumọ̀, àbùdá, àpẹẹrẹ, àti ohun tí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe. Apá ìkẹyìn yẹn ni àwọn olùkọ́ ọ̀lẹ máa ń fò, ibẹ̀ gan-an sì ni ojú ọmọ ti ń là. Lọ́jọ́ kejì a ó padà sórí ọ̀rọ̀ náà, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e a ó tún padà, torí Ebbinghaus ará Jámánì ti fi ara rẹ̀ dán an wò, ó sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 1885 pé kíákíá ni ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ń fò lọ. Olùkọ́ tó ń ní kí ọmọ kọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá sínú nóòtù, ọwọ́ ọmọ ló ń kọ́.

Ẹ má sì sọ fún mi pé Yorùbá ń ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́. Láti 1970 ni Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún odindi ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì dá dúró ní tirẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀ àwọn ilé ìwé kan ṣì ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá.

Ó wá ku ẹ̀yin ọlọ́sọ̀yè. Ọmọkùnrin kan wà ní SS3 mi tó mọ̀wé dáadáa, àwọn ọ̀rọ̀ ìbéèrè yìí nìkan ló ń dí i lọ́wọ́. Mo ní kí ìyá rẹ̀ jẹ́ kó máa dúró lọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ìparí ilé ìwé, ọ̀fẹ́ ni. Ìyá ní àwọn ti rí nǹkan tó yá ju ìyẹn lọ. Ẹ̀tù dúdú ni, wọ́n pò ó mọ́ oyin, kó máa lá a ní ìdájí kó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Wọ́n tún ra kápúsù ọpọlọ lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń wàásù oògùn nínú bọ́ọ̀sì, ike rẹ̀ kò ní nọ́ńbà NAFDAC kankan. Àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sọ lílá di méjì. Ìwé ìbéèrè kò tíì pẹ́ lórí tábìlì tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Wọ́n gbé e jáde, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, òógùn bò ó, kò sì padà wọlé lọ́jọ́ náà. Nígbà tí nọ́ọ̀sì béèrè ohun tó wà nínú ẹ̀tù yẹn, ìyá kò mọ̀, ẹni tó tà á fún un kò sì gbé fóònù mọ́.

Ọmọ awo tí àwọn àgbà ń fún ní ìsọ̀yè pàápàá, ọdún gbọọrọ ló fi ń ké ẹsẹ Ifá tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀. Ta ló rí èyí tó lá oyin, tó lọ sùn, tó jí tó ń ki Ogbè?

Ọmọkùnrin SS3 yẹn tún ìdánwò kọ lọ́dún kejì, lẹ́yìn tó ti bá mi jókòó ní ọ̀sán fún odindi táàmù, ó sì yege. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ti wà ní JSS2 báyìí. Ní táàmù tó kọjá, ìyá wọn wá kí mi, ó rọra bi mí bóyá oyin nìkan, láìsí ẹ̀tù, ṣì lè ran èyí lọ́wọ́. Mo ní, "Ó dára gan-an, Mà. Ẹ pò ó mọ́ ògì fún un, kó tètè lọ sùn."