Ohùn Tó Há Ti Wà Kí Gìtá Tó Dé: Ibi Tí Orin Aláriwo Ti Ṣẹ̀

Bí wọ́n bá ń pìtàn orin líle, èyí tí gìtá ń bú ramúramù nínú rẹ̀, ìlú Memphis ní Amẹ́ríkà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Wọ́n ní lọ́dún 1951, nígbà tí ẹgbẹ́ Ike Turner fẹ́ gba orin "Rocket 88" sílẹ̀, ẹ̀rọ agbóhùnsókè Willie Kizart, onígìtá wọn, bàjẹ́, wọ́n ki ìwé bọ inú rẹ̀, ni ohùn gìtá bá há. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ ṣe bàjẹ́ nìyẹn. Kò sọ bí ọmọ ènìyàn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ràn ohùn tí kò mọ́ gaara. Luigi Russolo ará Ítálì, tó kọ̀wé lórí ariwo ní 1913, òun náà pẹ́ dé.

Ọ̀dọ̀ tiwa níbí ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ìyáàlù dùndún. Awọ rẹ̀ dára, ọṣán rẹ̀ le, bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ohùn rẹ̀ ìbá mọ́. Wọn kò fi í sílẹ̀. Wọ́n so ṣaworo yí i ká, kí gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá sọ máa gbọ̀n rìrì létí. Ẹ̀rọ wo ló bàjẹ́ níbẹ̀? Ó wù wọ́n ni. Egúngún kì í fi ohùn ọmọ aráyé sọ̀rọ̀. Inú ọ̀fun ló ti ń fà á jáde, nítorí ará ọ̀run ni. Orò ńkọ́? Pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n so mọ́ okùn, tí wọ́n ń fì yípo títí yóò fi máa ké. Ìkùn gbọọrọ tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú, tó ń mú ara bù ṣìnṣìn: ohun tí Sunn O))), ẹgbẹ́ onígìtá aláriwo kan ní Amẹ́ríkà, ń fi gìtá wá láti 1998 náà nìyẹn.

Àwọn kan yóò ní onílù bàtá a máa lẹ ìda mọ́ ojú ìyáàlù tirẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè balẹ̀, pé ohùn mímọ́ ni Yorùbá ń wá. Rárá o. Ẹni tó mọ ibi tó yẹ kí ohùn balẹ̀ náà ló mọ ibi tó yẹ kó há.

Èrò tèmi ni pé ilé arọ ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀. Ẹni tó bá ti wo ọdún Ògún nílùú Oǹdó, tí àwọn alágbẹ̀dẹ, ọdẹ àti awakọ̀ jáde pẹ̀lú màrìwò, tí irin ń lu irin, yóò gbà pẹ̀lú mi. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé etí tó ti mọ́ ìró owú lára irin ni kò fẹ́ kí ìlù dákẹ́ jẹ́jẹ́, tí wọ́n fi lọ bá asúdẹ fún ṣaworo.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa kò jẹ́ kó parun. Orlando Owoh, tó bá ẹgbẹ́ òṣèré Kọ́lá Ògúnmọ́lá ṣiṣẹ́ ní 1958, tó dá Omimah Band sílẹ̀ ní 1960, kò fọ ohùn rẹ̀ mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bó ṣe há náà ló fi kọrin títí ó fi kú ní 2008. Ẹ̀dùn inú ohùn yẹn, ohùn dídán kò lè gbé e.

Ìyókù kò ṣòro. Ní 1962 wọ́n gbé Fuzz-Tone wá sọ́jà, àpótí kékeré tí ń mú gìtá há. Ẹgbẹ́ Black Sabbath ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé àwo orin líle àkọ́kọ́ wọn jáde ní 1970, ẹgbẹ́ BLO ṣe tiwọn ní Èkó ní 1973, Lou Reed ará Amẹ́ríkà gbé odidi àwo ariwo jáde ní 1975, Merzbow, olórin ariwo, bẹ̀rẹ̀ ní Japan ní 1979, ẹgbẹ́ Swans ní New York ní 1982.

Konono No. 1, ẹgbẹ́ olórin kan ní Kinshasa ní Kóńgò, ló tì mí lẹ́yìn jù. Wọ́n fi mágínẹ́ẹ̀tì ara ọkọ̀ àlòkù ṣe ẹ̀rọ agbóhùnsókè fún likembe wọn, ohun èlò orin onírin tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò ta bí agídìgbo, kó lè borí ariwo ìgboro. Ohùn náà há, wọn kò sì tún un ṣe. Nígbà tí àwo wọn jáde ní 2004, àwọn òyìnbó pè é ní nǹkan tuntun. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn baba ńlá onílikembe ti ń fi òrùka wẹ́wẹ́ sára irin rẹ̀ tipẹ́, kó lè máa kùn.