Ìrànlọ́wọ́ ilẹ̀ òkèèrè fún ìgbógunti oògùn olóró ní Nàìjíríà

Ìrànlọ́wọ́ yìí ni owó, ẹ̀rọ, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ìròyìn abẹ́lẹ̀ tí Nàìjíríà ń rí gbà láti dojú kọ oògùn olóró. Amẹ́ríkà, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù àti UNODC, ẹ̀ka àjọ àgbáyé tó ń rí sí oògùn àti ìwà ọ̀daràn, wà lára àwọn tó ń ṣe é. NDLEA, àjọ Nàìjíríà tó ń gbógun ti oògùn olóró, tí ìjọba ológun Ibrahim Babangida fi Òfin 48 dá sílẹ̀ ní 1989, ló ń gba èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀.

Owó náà ní àdéhùn nínú. Ní àwọn ọdún 1990, ọdọọdún ni ààrẹ Amẹ́ríkà máa ń kéde àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sowọ́ pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ oògùn olóró; ìkéde yìí ni ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fi ń rí ìrànwọ́ gbà. Láti 1994 títí di 1998, Nàìjíríà pàdánù ìwé ẹ̀rí yìí, ìrànwọ́ sì dínkù. Ẹ̀yìn tí ìjọba alágbádá dé ní 1999 ni ilẹ̀kùn tún ṣí.

Ní 2008, Amẹ́ríkà fún pápákọ̀ òfuurufú Èkó, Àbújá, Kano àti Port Harcourt ní ẹ̀rọ tó ń fi ohun tó wà lábẹ́ aṣọ èrò hàn. Oògùn ni wọ́n ń fi wá jù, kì í ṣe bọ́ǹbù. Umar Farouk Abdulmutallab, ọmọ Nàìjíríà tó gbìyànjú láti fi bọ́ǹbù abẹ́ aṣọ ba ọkọ̀ òfuurufú tó ń lọ sí Amẹ́ríkà jẹ́, gba Èkó kọjá ní oṣù Kejìlá 2009, kò sì gba inú ẹ̀rọ náà. Ní ti ẹni tó bá gbé kokéènì mì, ẹ̀ṣọ́ ni yóò jókòó tì í títí yóò fi yàgbẹ́, tí wọn yóò máa ka ìdì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní oṣù Kẹsàn-án 2022, NDLEA já wọ ilé kan ní Ìkòròdú, wọ́n sì bá kokéènì tó lé ní kílò 1,800 nínú báàgì ìrìn àjò 10 àti dúrọ́ọ̀mù 13. DEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró ní Amẹ́ríkà, lọ́wọ́ sí iṣẹ́ náà. Irú ìrànlọ́wọ́ báyìí kì í hàn nínú ìṣirò owó ìrànwọ́, bẹ́ẹ̀ ó lè níye lórí ju ẹ̀rọ lọ.

Ọ̀nà míì ni owó Yúróòpù gbà. Òun ni wọ́n fi ṣe ìwádìí lórí lílo oògùn jákèjádò Nàìjíríà, tó jáde ní oṣù Kìíní 2019. Ìwádìí náà ní èèyàn mílíọ̀nù 14.3 lo oògùn láàárín ọdún kan. Àwọn tó ń fa igbó jẹ́ mílíọ̀nù 10.6, àwọn tó ń mu oògùn ikọ́ olómi tó ní kodéènì tàbí irú rẹ̀ nínú tó mílíọ̀nù 2.4. Kokéènì tí wọ́n ń ṣọ́ ní pápákọ̀, tó sábà máa ń gba Èkó kọjá lọ sókè òkun, kò ní ju nǹkan bí 92,000 èèyàn tó ń lò ó ní Nàìjíríà lọ.