Peter, Paul and Mary (àwo orin ọdún 1962)

Peter, Paul and Mary ni àwo orin àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ olórin ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ orúkọ yìí kan náà gbé jáde. Ilé-iṣẹ́ Warner Bros. Records ló gbé e síta lọ́dún 1962. Orin 12 ló wà nínú rẹ̀, ohùn ènìyàn mẹ́ta àti gìtá méjì ló sì ru ẹrù wọn. Àwo náà wà ní ipò kìíní lórí àtẹ Billboard, ìwé ìròyìn orin Amẹ́ríkà, fún ọ̀sẹ̀ méje, ó lò ju ọdún mẹ́ta lọ lórí àtẹ náà, iye tí wọ́n tà sì lé ní mílíọ̀nù méjì. Orin méjì inú rẹ̀, "Lemon Tree" àti "If I Had a Hammer", ló sọ ẹgbẹ́ náà di ìlúmọ̀ọ́ká.

Bí ẹgbẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò jọ dàgbà, wọn kò sì jọ kọrin láti kékeré. Alákòóso ló kó wọn jọ. Albert Grossman, tó ti ń ṣe ilé ìgbafẹ́ àwọn olórin ní Chicago kó tó dé New York, ń wá ẹgbẹ́ tí yóò mú orin ìbílẹ̀ dé etí àwọn tí kì í gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Peter Yarrow ló kọ́kọ́ mú: ọmọ New York tó kàwé gboyè ní Yunifásítì Cornell, tó sì ti kọrin níbi àjọ̀dún orin ìbílẹ̀ Newport ní 1960. Mary Travers ló tẹ̀ lé e. Kentucky ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Greenwich Village ní New York ló dàgbà sí, ó sì wà lára àwọn ọ̀dọ́ tó gberin fún Pete Seeger, gbajúmọ̀ olórin ìbílẹ̀, lórí àwo kan ní 1955. Ẹnì kẹta ni Noel Paul Stookey, aláwàdà tó máa ń pa èrò lẹ́rìn-ín ní àwọn ilé kọfí àdúgbò yẹn. Noel làwọn ènìyàn ń pè é. Paul, orúkọ rẹ̀ kejì, ni wọ́n fà yọ nítorí pé ó bá ti àwọn méjì yòókù mu létí, àmọ́ àwọn tó sún mọ́ ọn kò yéé pè é ní Noel.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ dán ohùn wọn wò pọ̀, orin tí ọ̀kan mọ̀, èkejì kò mọ̀ ọ́n. Orin ọmọdé nípa àgùntàn kékeré, "Mary Had a Little Lamb", ni wọ́n padà kọ, torí òun ni gbogbo wọn jọ mọ̀. Ohùn wọn wọra lójú ẹsẹ̀. Wọ́n wá fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣe ìdánrawò kí wọ́n tó jáde sí gbangba lọ́dún 1961 ní The Bitter End, ilé ìgbafẹ́ kan ní òpópónà Bleecker. Ògiri bíríkì ilé yẹn ló wà lẹ́yìn wọn nínú àwòrán tó wà lójú àwo náà.

Nínú àdéhùn tí wọ́n bá Warner Bros. ṣe, àwọn olórin náà ló láṣẹ lórí orin tí yóò wọ inú àwo àti bí páálí rẹ̀ yóò ṣe rí. Àwọn ilé-iṣẹ́ kì í sábà gba irú èyí fún ẹgbẹ́ tí kò tíì ní àwo kankan. Lẹ́yìn páálí náà, wọ́n kọ ọ́ pé ó yẹ kí olùgbọ́ fi gbogbo ọkàn fún àwo yìí, kí ẹnikẹ́ni jọ̀wọ́ má jó. Ẹ̀fẹ̀ wà níbẹ̀, òótọ́ náà sì wà níbẹ̀, nítorí ijó twist ló gbòde ní Amẹ́ríkà lásìkò yẹn.

Ohùn mẹ́ta

Milt Okun, tó ti bá olórin Harry Belafonte ṣiṣẹ́ rí, ló ṣètò bí ohùn wọn yóò ṣe máa tẹ̀ léra. Ohùn Yarrow ga, ti Stookey wà nísàlẹ̀, ti Travers sì jinlẹ̀ ju ohùn tí a máa ń retí lẹ́nu obìnrin lọ. Ìdí nìyí tí ohùn rẹ̀ fi lè wọ àárín ti àwọn ọkùnrin méjèèjì, kó má kàn léfòó lókè wọn. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, ẹnì kan ni í lé, àwọn yòókù a máa gbè. Nínú àwo yìí, ẹni tó lé ní ẹsẹ kìíní lè di elégbè ní ẹsẹ kejì, ohùn tí elégbè sì ń kọ ní adùn tirẹ̀, débi pé tí a bá yọ ọ́ sọ́tọ̀, yóò dá dúró bí orin. "500 Miles" ni ó hàn nínú rẹ̀ jù. Travers ló ń sọ̀rọ̀ arìnrìn-àjò tí kò ní owó lọ́wọ́, tí ojú sì ń tì láti padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ohùn àwọn ọkùnrin ń dá a lóhùn láti ẹ̀yìn, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin bá ti ń jìnnà lọ.

Wọ́n tún yí ohùn orin padà níbi tí wọ́n bá ti rí àyè. Ohùn tí wọ́n fi kọ "If I Had a Hammer" kì í ṣe ohùn tí Pete Seeger àti Lee Hays fi ṣe é ní 1949. Seeger gbà fún wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló tún ṣàkíyèsí pé tí àwùjọ kan bá ń kọ ọ́ ní ohùn àtijọ́, tí òmíràn sì ń kọ ọ́ ní ohùn tuntun lẹ́ẹ̀kan náà, méjèèjì yóò bára mu.

Àwọn orin àti ìtàn inú wọn

Díẹ̀ nínú orin yìí ni àwọn tó kọ wọ́n jáde fúnra wọn dá sílẹ̀. Stookey ló ni "Early in the Morning" tó ṣí àwo náà, òun àti Yarrow ló sì jọ ṣe "Autumn to May", ìtàn àsọdùn nípa àwọn ẹranko tí kò sírú wọn láyé. Èyí tó pọ̀ jù jẹ́ orin àtọwọ́dọ́wọ́ tàbí orin ẹlòmíràn. "Lemon Tree" ti Will Holt, tí orísun rẹ̀ jẹ́ orin Brazil, sọ ti bàbá tó ń kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin pé igi ọsàn wẹ́wẹ́ lẹ́wà, òdòdó rẹ̀ ń ta sánsán, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ kò ṣeé jẹ. Ọmọ náà kò gbọ́, ìfẹ́ sì kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Nínú "Cruel War", ọmọbìnrin kan fẹ́ múra bí ọkùnrin kó lè bá olólùfẹ́ rẹ̀ lọ sójú ogun.

Èyí tó kádìí àwo náà, "Where Have All the Flowers Gone", ni a lè fi wé àlọ́ jù. Òdòdó dà? Àwọn ọmọbìnrin ti já a. Àwọn ọmọbìnrin ńkọ́? Wọ́n ti lọ́kọ. Àwọn ọkọ ńkọ́? Wọ́n ti wọṣẹ́ ológun. Àwọn ológun ńkọ́? Wọ́n wà ní ibojì. Ibojì ńkọ́? Òdòdó ti bò ó. Seeger ló kọ ẹsẹ mẹ́ta àkọ́kọ́ ní 1955, lẹ́yìn tó rí ọ̀rọ̀ orin àwọn Cossack, àwọn jagunjagun ẹlẹ́ṣin ilẹ̀ Rọ́ṣíà, nínú ìwé ìtàn òǹkọ̀wé Mikhail Sholokhov. Joe Hickerson ló fi ẹsẹ tó dá orin padà sórí òdòdó kún un ní 1960.

Pé orin Seeger méjì wà nínú àwo tí ilé-iṣẹ́ ńlá gbé jáde kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré lásìkò yẹn. Ní 1961, ilé ẹjọ́ dá Seeger lẹ́bi nítorí pé ó kọ̀ láti dá ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin lóhùn nípa ìṣèlú rẹ̀, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún kan. Oṣù karùn-ún 1962 ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìdájọ́ náà.

Bí àwọn ènìyàn ṣe gbà á

"Lemon Tree" dé ipò 35 lórí àtẹ orin Amẹ́ríkà, "If I Had a Hammer" sì dé ipò kẹwàá. Èyí ẹ̀yìn yìí gba àmì-ẹ̀yẹ Grammy méjì ní 1963: ọ̀kan fún orin ìbílẹ̀ tó dára jù, èkejì fún ẹgbẹ́ akọrin. Lọ́dún yẹn kan náà, Trini Lopez kọ ọ́ ní ara tirẹ̀, tirẹ̀ sì gòkè dé ipò kẹta. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ 1963, àwọn mẹ́ta náà kọ ọ́ níwájú ogunlọ́gọ̀ tó péjọ sí Washington láti béèrè iṣẹ́ àti òmìnira fún àwọn aláwọ̀ dúdú, níbi tí Martin Luther King ti sọ̀rọ̀.

Ẹgbẹ́ náà túká ní 1970, wọ́n tún padà pàdé ní 1978, wọ́n sì jọ kọrin títí Travers fi kú ní 2009. Yarrow kú ní oṣù kìíní 2025.

Ẹnì kan tí àwo yìí yí ayé rẹ̀ padà kò sí nínú àwòrán ojú rẹ̀. "If I Had My Way", ìtàn Sámúsìnì àti Dẹ̀lílà inú Bíbélì, ni wọ́n gbọ́ lọ́dọ̀ Gary Davis, afọ́jú oníwàásù láti South Carolina tó ti ń ta gìtá kiri òpópónà Harlem ní New York fún ọ̀pọ̀ ọdún. Orin náà ti wà nílẹ̀ kó tó kọ ọ́. Blind Willie Johnson ti gbà á sílẹ̀ ní 1927. Ṣùgbọ́n Davis ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i, owó ẹ̀tọ́ orin náà sì ń wọlé fún un. Owó yẹn ló fi ra ilé ní Queens, níbi tó gbé títí ó fi kú ní 1972. Ilé tí Peter, Paul àti Mary kọ́ ni òun alára máa ń pè é.