Bí Fọ́tò Láti Ojú Òfuurufú Ṣe Di Iṣẹ́ Ọnà

Àwọn tó kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà lọ sí ojú òfuurufú kò lọ síbẹ̀ nítorí ẹwà. Ìwọ̀n ilẹ̀ ni wọ́n ń wá. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ogun wọ̀ ọ́. Nígbà tó sì yá, àwọn tó ń kọ́lé tà náà fẹ́ máa fi àwòrán ilẹ̀ wọn han oníbàárà. Ọ̀nà tí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ gbà kúrò lọ́wọ́ awọnlẹ̀ àti ọ̀gágun, tó fi di ohun tí wọ́n ń gbé kọ́ sára ògiri ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà, kò yá, kò sì tọ́ gbọnrangandan. Lójú tèmi, kì í ṣe bí kámẹ́rà ṣe gòkè tó ló sọ fọ́tò náà di iṣẹ́ ọnà. Ìgbà tí ayàwòrán dojú kámẹ́rà kọ ilẹ̀ pátápátá, tí ojú ọ̀run pòórá nínú àwòrán, tí òǹwòran kò sì tètè mọ̀ bóyá ohun kékeré ni òun ń wò tàbí ohun ńlá, ni iṣẹ́ yìí tó ní ìrísí tó dá yàtọ̀.

Ilẹ̀ Faransé ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1858, lọ́wọ́ Gaspard-Félix Tournachon, ayàwòrán tí gbogbo Paris mọ̀ sí Nadar. Yíya fọ́tò láyé ìgbà náà kì í ṣe iṣẹ́ ìdẹ̀ra. Ayàwòrán á kọ́kọ́ da kẹ́míkà tó ki, tí wọ́n ń pè ní collodion, sórí gíláàsì, á rì í sínú omi tí wọ́n po iyọ̀ fàdákà mọ́, á fi ya àwòrán nígbà tó ṣì tutù, á sì fọ̀ ọ́ kó tó gbẹ. Nítorí náà, Nadar ní láti fi aṣọ dúdú ṣe yàrá òkùnkùn kékeré sínú apẹ̀rẹ̀ tó so rọ̀ lábẹ́ bàlúùnù, kó sì máa ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń mì ín síwá sẹ́yìn. Ó gòkè, ó tún gòkè, gíláàsì dúdú kirimú ló ń mú bọ̀. Ó pẹ́ kó tó yé e pé gáàsì tó ń tú jáde láti ẹnu bàlúùnù, lókè orí rẹ̀ gan-an, ló ń ba kẹ́míkà rẹ̀ jẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní Petit-Bicêtre, lẹ́bàá Paris, ó dí ẹnu bàlúùnù náà. Gáàsì inú rẹ̀ ti dín kù láàárín òru, nítorí náà ó kó ẹrù sílẹ̀, ó tilẹ̀ bọ́ nínú aṣọ ọrùn rẹ̀ kí bàlúùnù lè gbé e, ó sì gòkè tó nǹkan bí 80 mítà. Àwòrán tó mú sọ̀ kalẹ̀ ṣú, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ hàn: ilé oko kan, ilé ìtura fún àwọn arìnrìn-àjò, àti àgọ́ ọlọ́pàá.

Àwòrán ọ̀hún kò sí mọ́ lónìí. Ohun tó jẹ Nadar lógún nígbà náà ni bí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ yóò ṣe wúlò fún àwọn tó ń wọn ilẹ̀, ìyẹn náà ló sì kọ sínú ìwé ẹ̀tọ́ tó gbà lọ́dún kan náà, èyí tó sọ ọgbọ́n náà di tirẹ̀ lábẹ́ òfin. Ní 1862, Honoré Daumier, ayàwòrán ẹ̀fẹ̀, yàwòrán rẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀ bàlúùnù lókè Paris, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Nadar ń gbé fọ́tò dé ibi gíga tí iṣẹ́ ọnà wà. Yẹ̀yẹ́ ni Daumier ń ṣe, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, nítorí lọ́dún yẹn gan-an ni ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Faransé ń gbọ́ ẹjọ́ lórí bóyá òfin lè ka fọ́tò sí iṣẹ́ ọnà.

Fọ́tò tó pẹ́ jù lọ nínú àwọn tí wọ́n yà láti òkè tó ṣì wà títí dòní ni èyí tí James Wallace Black yà ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 1860, nígbà tí òun àti Samuel Archer King fi bàlúùnù gòkè lórí ìlú Boston ní Amẹ́ríkà. Òǹkọ̀wé Oliver Wendell Holmes ló fún un lórúkọ: Boston bí idì àti pẹ́pẹ́yẹ inú igbó ṣe ń rí i. Mo ka orúkọ yẹn sí pàtàkì, torí pé ó sọ ọ́ gbangba pé ìlú tí a rí láti òkè kì í ṣe ìlú kan náà tí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn nínú rẹ̀ mọ̀. Lẹ́yìn náà ni Arthur Batut fi káìtì gbé kámẹ́rà sókè ní ilẹ̀ Faransé ní 1888, tí Julius Neubronner, apòògùn ará Jámánì, so kámẹ́rà kékeré mọ́ àyà ẹyẹlé, tí George Lawrence sì fi ọ̀wọ́ káìtì ya San Francisco lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1906. Ọgbọ́n ẹ̀rọ ló pọ̀ jù nínú gbogbo ìyẹn.

Ogun Àgbáyé Kìíní ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Edward Steichen, tó ti lórúkọ tẹ́lẹ̀ fún fọ́tò rírọ̀ tó dà bí àwòrán ọ̀dà, wá di ọ̀gá lórí ẹ̀ka fọ́tò òfuurufú àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní ilẹ̀ Faransé. Ọ̀gágun kò lè fi fọ́tò tó ṣú mọ ibi tí ìbọn ńlá wà. Fọ́tò náà ní láti mú ṣáṣá dé ìkángun. Ẹ̀kọ́ yẹn bá Steichen délé, ó sì wà lára ohun tó mú un kọ ọ̀nà ìyàwòrán rẹ̀ àtijọ́ sílẹ̀. Fọ́tò ilẹ̀ tí bọ́ǹbù ti lu ní ihò jálẹ̀jálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọwọ́ àwọn olùkójọ, wọ́n sì ń fi orúkọ Steichen pè wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ ogun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ya púpọ̀ nínú wọn. Ìbéèrè tó ṣòro ló wà níbẹ̀, pé ta ni a lè pè ní olórí iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe lábẹ́ àṣẹ ogun, síbẹ̀ ọ̀nà yìí ni fọ́tò òfuurufú gbà wọ ọjà iṣẹ́ ọnà.

Àwọn ayàwòrán Yúróòpù náà ti rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní 1927, Kazimir Malevich, tó ń fi ọ̀dà yàwòrán, fi fọ́tò tí wọ́n yà láti òkè sínú ìwé tí Bauhaus, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Jámánì, tẹ̀ jáde fún un, láti fi hàn irú ayé tí àwòrán rẹ̀ aláìnírìísí ohunkóhun ti wá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, László Moholy-Nagy, tó ti ṣe olùkọ́ ní Bauhaus, dúró sórí òpó rédíò Berlin, ó sì ya ilẹ̀ tí yìnyín bò ní ìsàlẹ̀ gan-an.

Ẹni tí mo gbà pé ó fìdí iṣẹ́ yìí múlẹ̀ ni William Garnett, ará Amẹ́ríkà. Ó ti ṣiṣẹ́ fọ́tò fún ọlọ́pàá ní Pasadena kó tó wọ iṣẹ́ ológun. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, ọkọ̀ òfuurufú àwọn ọmọ ogun tó wọ̀ padà sílé kún, ni ọ̀gá awakọ̀ bá fi í jókòó síwájú, níbi tó ti rí gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó tẹ́ rẹrẹ. Ó pinnu láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fo ọkọ̀ òfuurufú, kó lè máa darí ọkọ̀ fúnra rẹ̀, kó sì máa ya fọ́tò fúnra rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ní 1950, àwọn tó ń kọ́ ilé 17,500 sí Lakewood, nítòsí Los Angeles, gbà á láti ya iṣẹ́ wọn. Nínú ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò náà, kòtò ìpìlẹ̀ tò lọ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ bí ẹni pé wọ́n fi òòyà ya ilẹ̀. Nínú òmíràn, igi ìkọ́lé wà ní òkìtì kéékèèké lẹ́bàá ilé kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn bára dọ́gba, oòrùn tó rọlẹ̀ sì mú òjìji wọn gùn. Ojú ọ̀run kò sí nínú wọn. Ẹni tó sanwó rí ọjà tó fẹ́ tà, àwọn tó ń gbèjà ilẹ̀ rí ìparun, olùkójọ iṣẹ́ ọnà sì rí àpẹẹrẹ ìlà àti ìmọ́lẹ̀. Fọ́tò kan náà ni. Ní 1953, Garnett gba owó ìrànwọ́ Guggenheim, èyí tí wọ́n ń fún àwọn oníṣẹ́ ọnà àti ọ̀mọ̀wé.

Ìbéèrè tí Lakewood gbé sílẹ̀, bóyá fọ́tò lè lẹ́wà nígbà tó jẹ́ ìparun ló ń fi hàn, tún padà wá lọ́wọ́ Emmet Gowin, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà. Òkè Saint Helens tó bú gbàmù ní ọdún 1980 ló kọ́kọ́ gbé e gòkè. Láti ibẹ̀ ló ti dé Hanford, níbi tí Amẹ́ríkà ti ṣe èròjà bọ́ǹbù átọ́míìkì, àti pápá ìdánwò bọ́ǹbù ní Nevada, níbi tó ti ya ihò Sedan ní 1996. Ìdánwò bọ́ǹbù kan ní 1962 ló gbẹ́ ihò náà, fífẹ̀ rẹ̀ sì tó nǹkan bí 390 mítà. Gowin máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ fi kẹ́míkà pa àwọ̀ fọ́tò rẹ̀ dà títí tí yóò fi pọ́n díẹ̀ tàbí kó rí bí igi gbígbẹ. Àwọn kan ń bínú pé irú ẹwà bẹ́ẹ̀ ń bo ibi mọ́lẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ẹwà yẹn ló ń dá ojú dúró lórí ohun tí à bá ti sáré wò kọjá.

Nígbà tí Yann Arthus-Bertrand, ayàwòrán ará Faransé, pàtẹ fọ́tò ńláńlá tó yà láti òkè sí ìta gbangba ní Paris ní ọdún 2000, ọ̀pọ̀ èrò tó ń kọjá lọ dúró wò wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Láti bí ọdún 2013 ni dróònù olówó pọ́ọ́kú ti dé ọwọ́ ará ìlú, tí Edward Burtynsky, ará Kánádà tó ti ń fi hẹlikópítà ṣiṣẹ́ tipẹ́, náà sì ti ń lò ó. Kò di dandan kí ayàwòrán kọ́ bí wọ́n ṣe ń fo ọkọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bátìrì dróònù kì í sábà lò ju ìlàjì wákàtí lọ, nítorí náà ẹni tó ń lò ó ní láti ti mọ̀, kó tó rán an sókè, ibi tí oòrùn yóò wà àti bí òjìji yóò ṣe gùn tó.