Bí ìdọ̀tí àti bakitéríà ṣe ń wọ inú oyin, láti inú ilé oyin dé inú ìgò

Bakitéríà kì í lè pọ̀ sí i nínú oyin tó gbó. Omi inú rẹ̀ kì í tó ìdá 20 nínú 100, ṣúgà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo ìyókù, ṣúgà yìí sì máa ń fa omi ara bakitéríà náà gbẹ. Oyin tún kan díẹ̀. Àmọ́ àìpọ̀ sí i kọ́ ni kíkú. Clostridium botulinum, irú bakitéríà kan tó ń gbé inú erùpẹ̀, máa ń sé ara rẹ̀ mọ́ inú èèpo líle, á sì wà bẹ́ẹ̀ nínú oyin fún ìgbà pípẹ́. Kéèyàn gbé oyin kaná kò yanjú rẹ̀: ooru omi híhó, 100°C, kò pa á, adùn oyin ló ń bà jẹ́.

Àgbà lè lá irú oyin bẹ́ẹ̀ kó má ṣe é ní nǹkan kan. Inú ìfun ọmọ tí kò tíì pé oṣù 12 ni kòkòrò yìí ti lè jí, kó sì tú májèlé sílẹ̀: ọmọ á kọ́kọ́ má lè yàgbẹ́, ọrùn rẹ̀ á dẹ̀, igbe rẹ̀ á rẹlẹ̀, kò ní lè fa ọmú dáadáa. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e sáré lọ. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, kí ìyá, bàbá àti àlejò tọ́ oyin wò, kí ẹnikẹ́ni má fi kan ètè ìkókó. Àdúrà náà kò dín kù.

Erùpẹ̀ tí àwọn oyin fi ara gbé wọlé, kò sẹ́ni tó lè dá a dúró. Ìyókù wà lọ́wọ́ ẹni tó ń kórè. Láti Kàbbà dé Ìsánlú ní ìpínlẹ̀ Kogi, ẹ̀ẹ̀rùn ni ìkórè pọ̀ jù, eruku sì ń fẹ́ nígbà náà. Afárá gbọ́dọ̀ bọ́ sínú ike tó ní ìdérí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí wọ́n má fi ìgbẹ́ màlúù rú èéfín sí àwọn oyin. Háhá àgbàdo gbígbẹ tó. Afárá tí àwọn oyin ti fi ìda dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ojú rẹ̀ ló gbó. Bí èyí tó ń funi lára bá ń kán bí omi nígbà tí wọ́n gbọ̀n ọ́n, kí wọ́n dá a padà sínú ilé oyin. Ibi tí ọmọ oyin wà, gígé ni kí wọ́n gé e sọ́tọ̀ kí wọ́n tó fún oyin inú ìyókù jáde.

Omi ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ṣan tí kò gbẹ, omi díẹ̀ inú rẹ̀ á dúró sókè oyin, ibẹ̀ á ṣàn, ìwúkàrà á jí, oyin á bẹ̀rẹ̀ sí í hó, á máa rùn bí ẹmu, ìdérí á wú. Kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì tàbí ti oògùn apakòkòrò kò ṣeé lò rárá.

Lẹ́yìn sísẹ́, kí oyin wà nínú báàkẹ́tì onípáàpù tí wọ́n dé pinpin fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ìda àti ìfófòó á léfòó, wọ́n á ha á kúrò, wọ́n á sì gba oyin láti ìsàlẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ. Lásìkò òjò, oyin tó ṣí sílẹ̀ máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, nítorí náà kí ìgò kún dé ọrùn, kí wọ́n sì dé e lójú ẹsẹ̀.