Nígbà Tí Ọkàn Ṣì Jẹ́ Méjì: Bí Olùgbaninímọ̀ràn Ṣe Ń Tọ́ni Sọ́nà Ìyípadà

Ní ọdún 1983, James Prochaska àti Carlo DiClemente, àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí wọn nípa àwọn tó ń fi sìgá sílẹ̀ jáde. Inú iṣẹ́ wọn ni ìpele tí ọ̀pọ̀ olùgbaninímọ̀ràn ń tẹ̀ lé lónìí ti wá: àìtíì rò ó rárá, ríronú sí i, ìmúrasílẹ̀, ìgbésẹ̀ àti ìdúróṣinṣin. Ìpele kejì ni àwọn ènìyàn ń ṣì lóye jù.

Ẹ jẹ́ kí a wo awakọ̀ kan ní Òṣogbo tí ó máa ń mu paraga ní gáréèjì kí ó tó gbé èrò. Ó mọ̀ pé ó léwu, ìyàwó rẹ̀ sì ti sọ̀rọ̀ títí, ṣùgbọ́n ó ní paraga ló ń lé àárẹ̀ lọ, nídìí rẹ̀ sì ni òun ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ òun ṣeré. Àwọn ẹbí a máa sọ pé olórí kunkun ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òótọ́ méjì ló ń fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí olùgbaninímọ̀ràn bá ń tẹnu mọ́ ewu ṣáá, awakọ̀ náà yóò gbè sẹ́yìn paraga, yóò sì máa gbèjà rẹ̀ títí tí àwíjàre náà yóò fi dá òun fúnra rẹ̀ lójú.

Ọ̀nà tí William R. Miller, ẹni tí òun náà kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mùtí ní 1983, àti Stephen Rollnick, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá bíi tirẹ̀, là sílẹ̀ yàtọ̀. Olùgbaninímọ̀ràn lè béèrè pé: «Bàbá, bí a bá ka òǹkà láti 0 dé 10, mélòó ni jíjáwọ́ yìí ṣe pàtàkì sí yín?» Bí wọ́n bá ní 4, kò ní í béèrè ìdí tí kò fi jẹ́ 9, nítorí àwíjàre ni yóò tẹ̀ lé e. Ohun tí yóò béèrè ni pé: «Kí ló dé tí kì í ṣe 1?» Ìdáhùn sí èyí gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdí tí bàbá náà fi fẹ́ yí padà, láti ẹnu òun fúnra rẹ̀. Mo ka ìbéèrè kékeré yìí sí ọgbọ́n tó jinlẹ̀ jù nínú gbogbo ètò náà.

Àwọn aláró Òṣogbo mọ irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Wọn kì í ti aṣọ bọ ìkòkò lọ́jọ́ tí wọ́n da èlú sínú omi eérú. Wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á máa yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí aṣọ tí a rẹ nínú aró tí kò tíì tó lò kì í mú àwọ̀ dáadáa. Bí aró náà tilẹ̀ tó, àwọ̀ ewé ni aṣọ kọ́kọ́ ń mú jáde, afẹ́fẹ́ ni yóò sọ ọ́ di àwọ̀ aró, ó sì di ìgbà tí a bá tún un rẹ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó tó dúdú dáadáa.

Ní ìpele ìmúrasílẹ̀, a ó yan ọjọ́, a ó sì ṣètò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ń mu ọtí líle púpọ̀ lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́ kò gbọdọ̀ dédé dá a dúró láìrí dókítà, nítorí gìrì lè tẹ̀ lé e, ó sì lè la ẹ̀mí lọ.

Àbùkù ètò ìpele ti Prochaska àti DiClemente wà nínú kàlẹ́ńdà rẹ̀. Ó fi 30 ọjọ́ ṣe ààlà ìmúrasílẹ̀, ó sì fi oṣù 6 ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ìdúróṣinṣin. Robert West, onímọ̀ nípa sìgá mímu ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bu ẹnu àtẹ́ lu irú ààlà wọ̀nyí ní 2005, ó sì tọ̀nà, nítorí àwọn kan ń jáwọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo láìla ìpele kankan kọjá.

Bí awakọ̀ náà bá tún mu ún níbi òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀, olùgbaninímọ̀ràn kò ní í bá a wí. Yóò béèrè ẹni tó gbé ife fún un, ìgbà tí ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ fà sí i, àti bí ó ṣe rí i ṣe ní gbogbo ọjọ́ tí ó ti kọ̀ ọ́ ṣáájú. Ìdáhùn wọ̀nyẹn ni wọn yóò jọ fi tún ètò ìmúrasílẹ̀ ṣe.